Mọ́ṣáláṣí Àgùdà tàbí Ààfin Honmè: èwo ni kí ẹ lọ wò bí ẹ bá ní ọ̀sán kan ṣoṣo ní Àjàṣẹ́?

Àbúrò ìyá mi tó ń gbé Ìbàdàn wá kí wa ní oṣù Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ní lọ́wọ́, ìkómọjáde tí wọ́n torí rẹ̀ wá sì ti gba ọ̀kan nínú rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, bí wọ́n ti ń tú gèlè, wọ́n bi mí pé, “Ọmọ mi, nínú gbogbo ilé tí ẹ fi ń yangàn ní ìlú yìí, èwo ni n kò gbọdọ̀ má rí kí n tó padà?” Ẹnu mi ti fẹ́ sọ pé méjì ni. Ṣùgbọ́n orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, oòrùn Ẹrẹ́nà sì ń jó ni lára. Lójú tèmi, ẹni tó bá sáré wo ilé méjèèjì yẹn láàárín ọ̀sán kan kò tíì wo ọ̀kankan nínú wọn.

Ilé méjì tí mò ń wí ni mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà nítòsí ọjà ńlá, èyí tí wọ́n kọ́ ní ìlànà àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Brazil padà wálé, àti Honmè, ààfin àwọn ọba ìlú. Porto-Novo ni Àjàṣẹ́ tí mò ń sọ, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin. Kí ará Ìgbómìnà má rò pé Àjàṣẹ́-Ìpo ni. Àwọn Gùn, ẹ̀yà tó ni ààfin náà, ń pè é ní Hogbonu. Àwọn Potogí ló sọ ọ́ ní Porto-Novo. Orúkọ mẹ́ta ni ìlú kan ń jẹ́, ó ṣì ń jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí di òní, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń pè é. Ilé méjì yìí kò jọra rárá, síbẹ̀ bí ẹ bá wò wọ́n dáadáa, ẹ ó rí àpá àwọn tó sọ ìlú lórúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára wọn.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

Kí n tó sọ èyí tí mo fẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń wò. Àkókò ni àkọ́kọ́: wákàtí mélòó ni ilé náà yóò gbà kí ẹ tó lè sọ pé ẹ ti rí i? Owó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánilójú: bí ẹ bá dé ibẹ̀, ṣé ẹ ó rí ohun tí ẹ torí rẹ̀ wá, àbí ilẹ̀kùn ni ẹ ó bá ní títì? Mo tún máa ń wo ara ẹni tó ń lọ: ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ tó pọ̀n, èdè tó gbọ́. Èyí tó jẹ mí lógún jù ló kẹ́yìn: ṣé ilé náà lè bá yín sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, àbí ó ń fẹ́ ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀?

Bíríkìlà ni bàbá mi. Bí wọ́n bá dé ilé ẹlòmíràn, kí wọ́n tó jókòó, wọ́n á fi ẹ̀yìn ìka lu ògiri lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ́tí. Simẹ́ńtì ojú ògiri tó bá ti bọ́ kúrò lára ohun tó lẹ̀ mọ́ máa ń dún bí igbá òfìfo. Èyí tó ṣì dì mú kì í dáhùn. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ, kò sì sí ilé tí mo ń wò tí n kì í wo awọ ara rẹ̀ kí n tó wo ẹwà rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé mò ń sọ̀rọ̀ ògiri jù nísàlẹ̀ yìí, ibi tí mo ti wá nìyẹn.

Mọ́ṣáláṣí àtijọ́

Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i yóò rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Kì í ṣe pé ojú ń tan ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ o. Ilé gogoro kan dúró sí ọ̀tún, ọ̀kan sí òsì, iwájú ilé sì ga sókè láàárín wọn, gẹ́lẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ti Bàhíà lọ́hùn-ún ní Brazil. Orí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè. Òpó wà lára ògiri tí kò gbé ohunkóhun dúró; bíríkìlà kàn fà wọ́n yọ lára ògiri kí ojú lè rí ohun tí yóò máa tọ̀ lọ sókè ni. Àwọ̀ tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan: ìyeyè wà, àwọ̀ ewé wà, búlúù wà, àwọ̀ bíríkì náà wà níbẹ̀.

Láàárín 1912 àti 1925 ni ìwé púpọ̀ fi ìkọ́lé rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ìgbà náà, ní òdìkejì òkun. Nínú àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bàhíà, ọ̀pọ̀ ló kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, nínú ààwẹ̀ Ramadan, àwọn Mùsùlùmí inú wọn dìde ogun ní ìlú Salvador. Malê ni àwọn ará Brazil ń pè wọ́n. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà sókè díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ: Ìmàle ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ló wọ ìwé ilé-ẹjọ́ wọn. Lẹ́yìn ìjà náà wọ́n lé ọ̀pọ̀ kúrò nílùú, àwọn mìíràn sì ra ara wọn padà, wọ́n sanwó ọkọ̀, wọ́n padà sí etíkun wa. Wọ́n sọ̀ sí Èkó, wọ́n sọ̀ sí Ouidah, wọ́n sọ̀ sí Àjàṣẹ́. Àwọn là ń pè ní Àgùdà, Kátólíìkì wà nínú wọn, Mùsùlùmí náà wà nínú wọn. Títí di òní, ẹ ó rí Paraiso tó ń kírun, ẹ ó sì rí d’Almeida tó ń lọ sí Máàsì.

Nígbà tí àwọn Mùsùlùmí Àjàṣẹ́ wá fẹ́ kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá, irú ilé tí ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí mọ̀ ni wọ́n kọ́. Ọwọ́ tó ti mọ ṣọ́ọ̀ṣì fún ọ̀gá ní Bàhíà, ìmọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n fi mọ ilé ìjọsìn fún ara wọn nílé. Ẹni tó bá mọ Èkó yóò rántí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí João Baptista da Costa, Àgùdà bíríkìlà, kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894. Ọmọ ìyá ni àwọn ilé méjèèjì. Àmọ́ ti Àjàṣẹ́ dà bí ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn aṣọ aláràbarà ju àbúrò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni wọ́n bí kẹ́yìn.

Wàyí o, àǹfààní rẹ̀ fún ẹni tí àkókò há mọ́. Ojú ilé yìí ni ìwé ìtàn rẹ̀. Ẹ kò nílò kọ́kọ́rọ́, ẹ kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ dúró ní òdìkejì ọ̀nà, ohun tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wà níwájú yín. Ìṣẹ́jú márùndínlógójì tó láti wò ó. Wákàtí kan kò pọ̀ jù fún ẹni tó fẹ́ràn ilé. Kò sí ìgbà tí ẹ ó dé ibẹ̀ kí wọ́n sọ fún yín pé ojú ilé ti wọlé lọ sùn.

Ìdánilójú yẹn mọ sí ìta ṣá. Inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Wọ́n ti kọ́ mọ́ṣáláṣí ìgbàlódé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé ìjọsìn sì ni gbogbo àyíká náà. Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, ẹ kí àwọn bàbá tó bá jókòó níbẹ̀, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bó ti yẹ, kí ẹ tó sọ ohun tí ẹ fẹ́. Ẹ bọ́ bàtà. Ìyá àti àǹtí, ẹ mú ìborùn dání láti ilé. Bí wọ́n bá gbà, ẹ fi sàárà sílẹ̀ bí agbára yín bá ti mọ. Bí wọn kò bá gbà, ẹ dúpẹ́, ẹ padà síta. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo mú ọ̀rẹ́ mi kan lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, láìronú. Èrò ti kún dé títì, ẹni ń tẹ́ ẹní, ẹni ń ṣàlùwàlá, a kò rí ibi dúró sí tí a kò dí ẹnìkan lọ́nà. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ má lọ ní ọ̀sán Jímọ̀ àfi bí ẹ bá fẹ́ kírun.

Ohun tó ń dùn mí lára ilé yìí ni omi. Simẹ́ńtì tó ní iṣẹ́ ọnà púpọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gba omi òjò sí gbogbo kọ̀rọ̀ ara rẹ̀, omi a wọlé, oòrùn a gbá a, àwọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Nígbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, mo súnmọ́ ìsàlẹ̀ òpó kan tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó. Ibi tó bó náà kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀ tí mo kà létí rẹ̀ tó mẹ́ta, ọ̀kan lórí èkejì, bí awọ àlùbọ́sà: ìyeyè lókè, ewé lábẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ìyẹn ohun kan tó ti sún mọ́ pupa. Ìran kan kùn ún, ìran mìíràn kùn ún lé e. Ọwọ́ mi ń yún mi láti fi ẹ̀yìn ìka lu ibẹ̀. N kò lù ú. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, nítorí ohun tó bá jábọ́ lára rẹ̀ kì í rọrùn láti dá padà.

Ààfin Honmè

Ibí yìí yàtọ̀. Bí mọ́ṣáláṣí bá ń kọjú sí yín, ẹ̀yìn ni Honmè kọ sí yín. Orúkọ rẹ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ ní èdè Gùn: “hòn” ni ẹnu ọ̀nà, “mè” ni inú. Inú ẹnu ọ̀nà. Ògiri pupa ni ẹni tó ń kọjá lójú títì máa rí, bí kò bá sì sí ẹni tó sọ fún un, yóò kọjá lọ.

Ìtàn tí àwọn Gùn ń pa ni pé láti Allada ni àwọn ọmọ ọba mẹ́ta ti pín yà. Ọ̀kan jókòó sílé. Ọ̀kan forí lé àríwá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìjọba Abomey ti wá. Ẹnì kẹta, Tè-Agbanlin, wá sí ìhà ìlà-oòrùn, lẹ́bàá ọ̀sà, ní ìparí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo ló bá o. Àwọn Yorùbá ti wà níbẹ̀, ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accron, ojúbọ ẹ̀mí olórí mẹ́sàn-án tí ìtàn ní ó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Mo ń mẹ́nu bà á torí àlejò láti Nàìjíríà máa ń bi mí pé, “Ẹ̀yin Yorùbá ibí, ìgbà wo lẹ dé?” Ẹ béèrè ní Accron.

Nínú àwọn ọba tó gbé Honmè, Toffa ni orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ jù. Ó jọba láti 1874 títí ó fi wàjà ní 1908. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ níbi tí àwọn àgbà bá jókòó sí. Ní 1863, lásìkò ọba Sodji, Àjàṣẹ́ ti kọ́kọ́ fara sábẹ́ àwọn Faransé. Toffa tún àdéhùn náà dì, ó sì dúró ti àwọn Faransé nígbà tí Béhanzin ti Abomey, ìbátan rẹ̀, ń bá wọn jagun. Àwọn kan ní ó ta ilẹ̀. Àwọn mìíràn ní ogun Abomey ti ń jó wọn lẹ́sẹ̀, ó wá ẹni gbára lé ni. Àwa tí ìyá wa wá láti Kétu, tí ogun Abomey tú ní 1886, kì í yára dá a lẹ́bi. Ní 1900, àwọn Faransé sọ Porto-Novo di olú-ìlú ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso. Lẹ́yìn ikú Toffa, àwọn ọmọ rẹ̀ kò jẹ́ ọba mọ́ lójú òfin wọn. Olóyè àgbà ni wọ́n ń pè wọ́n. Gbogbo èyí wà láàárín àgbàlá kan àti èkejì ní Honmè, bí ẹni tó ń mú yín kiri bá mọ̀ ọ́n sọ.

Ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á bù omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ pò ó títí yóò fi fà, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ẹ gbé ọwọ́ sún mọ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára: ìta ń jó, ògiri ń tutù. Òrùlé rẹ̀ wá sílẹ̀ kí òjò má bàa na ògiri. Àgbàlá ló ń bá àgbàlá pàdé, ẹ máa tẹrí ba níbì kan, ẹ máa yà níbì kan. Ẹni tó mọ agboolé wa yóò mọ ìrìn náà lẹ́sẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n lójú.

Ohun kan wà nínú ìtàn ààfin yìí tí n kì í lè kọjá láìsọ: alounloun. Ọ̀pá ni, òrùka irin wà lára rẹ̀, bí wọ́n bá mì í, òrùka á máa yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, á dún. Òun ni wọ́n fi ń lu orin Adjogan, orin àwọn ará Àjàṣẹ́, fún ọba àti àwọn ìjòyè. Wọ́n ní láti ara ọ̀pá àṣẹ Tè-Agbanlin ló ti wá. Ère ẹyẹ ọba wà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì nílùú wa, ẹ ó gbọ́ alounloun kan náà níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n yọ ẹyẹ kúrò, wọ́n fi àgbélébùú sí i. Ọ̀pá ọba wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ṣọ́ọ̀ṣì wọ mọ́ṣáláṣí. Bí àlejò bá bi mí pé kí ni Àjàṣẹ́ ní tí ìlú mìíràn kò ní, ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn.

Wàhálà Honmè ni pé láìsí afinimọ̀nà, ògiri pupa lẹ máa rí, ẹ máa padà sílé. Ilé náà kì í sọ̀rọ̀ fún àjèjì. Èdè Faransé àti Gùn ló sì wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń mú èèyàn kiri. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá tí kò gbọ́ méjèèjì, kó béèrè kó tó sanwó bóyá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì wà, tàbí kó mú ìbátan kan dání tí yóò máa túmọ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n ṣí lọ́jọ́ náà, nítorí ilé amọ̀ tó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ àtúnṣe. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó ya fọ́tò. Ẹ fi wákàtí kan ààbọ̀ sílẹ̀, ó kéré tán. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe táìlì, orúnkún àgbà yóò mọ̀ ọ́n.

Owó àti ọ̀nà

Nípa owó, kò sí èyí tó lè dá yín lágara. Wíwo mọ́ṣáláṣí láti ìta kì í gba kọ́bọ̀, sàárà sì wà lọ́kàn yín. Honmè ń gba owó ìwọlé, ó sì yẹ kí ẹ fún afinimọ̀nà ní nǹkan bó bá ṣe dáadáa. Owó Sẹ́fà ni kí ẹ mú dání, owó wẹ́wẹ́, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ńlá tí ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣẹ́. Ẹ ṣẹ́ ẹ níbi tó ní ìdánilójú. Ẹnì kan tó ń ṣẹ́ owó lẹ́bàá bọ́dà ti ka owó fún mi rí ní kíákíá tó fi jẹ́ pé ilé ni mo ti mọ̀ pé kò pé.

Ẹni tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà lè gba Ìdìrókò, kó bọ́ sí Ìgòlò, kó wá tààrà. Àwọn mìíràn máa ń gba Sẹ̀mẹ̀. Láti Cotonou, nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà ni. Bí ẹ bá ti wọ ìlú, kẹ̀kẹ́nọ̀ (ọ̀kadà lẹ̀yin ń pè é) yóò gbé yín dé ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ẹ sọ iye kí ẹ tó gùn ún. Láti ilé kan sí èkejì kò jìnnà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lè rìn ín, yóò sì kọjá níwájú àwọn ilé Àgùdà mélòó kan tí òrùlé wọn ti ń já, tí mo fẹ́ kí ẹ wò pẹ̀lú.

Ta ni kó lọ síbo?

Bí ẹ bá ní ìdajì ọ̀sán, tí àgbà wà pẹ̀lú yín, tàbí tí ẹ pọn ọmọ, tí ẹ kò gbọ́ Faransé, mọ́ṣáláṣí ni. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó gbóná, ní ọjọ́ tí kì í ṣe Jímọ̀. Ẹni tó ń ya àwòrán ilé, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà, ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ jẹ́ Àgùdà ní Èkó, ibẹ̀ náà ni. Èmi fúnra mi, bí ẹ bá fi ọ̀kan pere há mi lọ́wọ́, òun ni n óò mú, kì í sì í ṣe torí pé ó lẹ́wà ju Honmè lọ. Ìdí mi ni pé ojú ilé náà ni ẹrù rẹ̀ wà, ojú náà ni òjò sì ń nà. Honmè ti di ilé tí ìjọba fi ṣe ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn àdúgbò àtijọ́ Porto-Novo àti ààfin rẹ̀ ti wà láti 1996 lórí orúkọ àwọn ibi tí Benin fẹ́ kí UNESCO gbà sínú àkójọ ogún àgbáyé. Ó ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Mọ́ṣáláṣí yẹn, àwọn tó ń kírun ló ń ṣọ́ ọ, ọ̀dà sì wọ́n.

Bí ẹ bá ní odindi ọ̀sán, tí ẹni tó gbọ́ Gùn tàbí Faransé wà pẹ̀lú yín, tó sì jẹ́ pé ìtàn ọba àti ogun ló ń mú orí yín yá ju ọnà ara ilé lọ, ẹ lọ sí Honmè, ẹ má tilẹ̀ wẹ̀yìn wo mọ́ṣáláṣí. Olùkọ́ tó fẹ́ kó ọmọ ilé ìwé lọ, Honmè ni kó kó wọn lọ. Àgbàlá gba ọmọ púpọ̀, títì ọjà kò gbà wọ́n. Ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ ní abúlé ti di búlọ́ọ̀kù, tó fẹ́ rántí bí ogiri amọ̀ ṣe ń tutù, Honmè ni.

Àwọn tó fẹ́ mọ̀ nípa Àgùdà ṣùgbọ́n tí wọn kò fẹ́ dúró lójú títì, ẹ lọ sí ibi ìṣẹ̀ǹbáyé da Silva, tó wà nínú ilé Àgùdà àtijọ́ kan. Ẹ ó rí inú ilé náà níbẹ̀. Ẹni tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń pè, ibi ìṣẹ̀ǹbáyé Alexandre Sénou Adandé ni tirẹ̀. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fi wé àwọn méjì tó ṣáájú, mo kàn ń sọ ọ́ kí ẹ má bàa ní n kò sọ.

Ẹni tó bá sì ní ọjọ́ méjì gbáko, kó pín wọn: mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kìíní, Honmè lọ́jọ́ kejì. Kó má ṣe yí i padà. Bí ẹ bá ti rí ojú ṣọ́ọ̀ṣì lára mọ́ṣáláṣí, nígbà tí afinimọ̀nà bá gbé ọ̀rọ̀ alounloun dé, ẹ kò ní nílò kó ṣàlàyé púpọ̀.

Àbúrò ìyá mi lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ìyá kan tó ń ta àkàrà ní òdìkejì fún wọn ní àpótí jókòó, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọ̀, wọ́n ń fi ìka tọ́ka: èyí, èyí, èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ìyá alákàrà dá sí i, ó ní ẹ ti fo ọ̀kan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ilé gogoro ọwọ́ òsì. Àwọn méjèèjì jọ kà á títí tí wọ́n fi pe ìrun Àsárì, tí àbúrò ìyá mi sì gbé ìborùn wọn, tí wọ́n bi mí níbi tí àwọn obìnrin ti ń wọlé.

Nígbà tí wọ́n ń wọkọ̀ padà, wọ́n ní Honmè di oṣù Ọ̀pẹ, kí n wá afinimọ̀nà tó gbọ́ Yorùbá sílẹ̀. Mo ti bá ọ̀kan sọ̀rọ̀.